Ìgbésí-Ayé Àlùfáà Samuel Johnson, Òpìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ọdọọdún wa yìí ké sí mi pé kí n kọ ìtàn ìgbésí-ayé ẹni ńlá kan tí ó ti kú tipẹ́, ọkàn mi kò lọ sọ́dọ̀ ọba tàbí jagunjagun. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ilé-ìwé kan ni ó lọ, ẹni tí a bí sí ilẹ̀ àjèjì, tí a mú wá sí ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ọmọdé, tí ó sì dàgbà láàárín ìró ìbọn. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Johnson.

Mo ní ìdí tí mo fi yàn án. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ìlú òkèèrè mìíràn ni ọkàn yín kì í balẹ̀ nítorí àwọn ọmọ yín. Ẹ̀ ń wí pé wọn kò di oyìnbó tán, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ Yorùbá tán. Àwa tí a wà ní ilé pàápàá ń rí irú rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkàtán, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n léèrè ẹni tí ó tẹ àdúgbò wọn dó, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lójú. Johnson ti rìn ní ọ̀nà tóóró yìí ṣáájú wa, ní àkókò tí ó le ju tiwa lọ, kò sì ṣubú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rìn ín.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, nítòsí Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Baba rẹ̀, Henry Johnson, kì í ṣe ọmọ Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, láti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún, ọba tí ó jẹ ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí ìjọba ńlá náà ṣì dúró ṣinṣin. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a kó lẹ́rú tí a sì tà fún àwọn oníṣòwò ẹrú ní etí òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa lépa àwọn ọkọ̀ ẹrú wọ̀nyí, wọn a sì máa kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Sàró. Báyìí ni ọmọ ìdílé ọba ṣe di ará Hastings, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ oyìnbó.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní àwọn abúlé wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀yà yòókù fi ń pè wọ́n ní Akú, nítorí bí wọ́n ti máa ń kí ara wọn pé ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé. Ọmọ tí a bá bí níbẹ̀, èdè púpọ̀ ni yóò bá lẹ́nu àwọn ènìyàn. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀ fi ń sọ ìtàn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ fi ń nà án ní pàṣán. Krio sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ní ọjà àti ní títì. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé èwo ni tirẹ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn ni tirẹ̀.

Mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin ilé náà ni orúkọ wọn kò parẹ́. Henry àti Nathaniel di àlùfáà. Samuel ni ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Obadiah, àbúrò rẹ̀, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn dé Edinburgh, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Obadiah yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ kí ìtàn wa tó parí.

Ní àkókò náà, àlùfáà David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ C.M.S. ní Ìbàdàn, nílò àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n gbọ́ Yorùbá. Baba Johnson gbà láti bá a lọ. Ní òpin ọdún 1857 ni ó kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Sàró, wọ́n sì dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858. Samuel jẹ́ ọmọ ọdún 11.

Lójú baba, ilé ni ó padà sí. Ṣùgbọ́n ilé tí ó fi sílẹ̀ kò sí mọ́. Ọ̀yọ́ Ilé ti di igbó. Aláàfin Àtìbà ti tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Ìbàdàn tí wọ́n dé yìí sì jẹ́ ìlú tí àwọn ọmọ ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ìlú ní nǹkan bí ọdún 1829. Lójú ọmọ, ilẹ̀ àjèjì pátápátá ni, bí ó tilẹ̀ gbọ́ èdè wọn. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ní ilà lójú. Òun jẹ́ ọmọ tí a bí sí Sàró, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti oyìnbó, tí ó sì ń ka ìwé. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè pè é ní oyìnbó, nítorí wọ́n mọ ìlú baba rẹ̀. Wọn kò sì lè pè é ní ẹni tiwọn tán.

Ní Kúdẹtì ni Hinderer àti aya rẹ̀ Anna kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé sí. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ àwọn ará Ìbàdàn díẹ̀ àti àwọn ọmọ Sàró ti ń kàwé pọ̀. Ilé-ìwé yìí ni Samuel wọ̀. Ì bá ti jẹ́ ìgbà èwe ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ ọba bá ọba kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ lẹ́yìn òun, Ìbàdàn sì fọwọ́ sí i. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jókòó sí Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní í tẹríba fún ẹni tí ó tẹ àṣà lójú. Nígbà tí ó di ọdún 1860, ogun bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìjà yìí kan náà, ẹni tí ó di àṣà mú àti ẹni tí ó fẹ́ ayé tuntun jọ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́. Àríyànjiyàn láàárín àtijọ́ àti ìsinsìnyí kì í ṣe ti oyìnbó àti ènìyàn dúdú nìkan. Ó wà nínú ilé wa kí oyìnbó tó dé.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ibẹ̀ lọ sí Èkó tàbí kí ó ti Èkó bọ̀ láìfẹ̀mí wewu. Owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Kúdẹtì kò dé mọ́. Aṣọ ń gbó, kò sí òmíràn. Àwọn Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun-ìní wọn kí wọ́n tó lè fi oúnjẹ sí ẹnu àwọn tí ó wà lábẹ́ òrùlé wọn. Ọdún bí i márùn-ún ni ìhámọ́ yìí gbà. Ní ọdún 1865 ni Glover, tí ó ń ṣe àkóso Èkó, tó rán Captain Maxwell láti la ọ̀nà mìíràn gba inú igbó kí ó lè mú ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí ó tún burú ni pé àwọn oníwàásù pàápàá pín sí méjì. Ní Abẹ́òkúta, àlùfáà Henry Townsend fara mọ́ àwọn Ẹ̀gbá; ní Ìbàdàn, Hinderer ń sọ pé Ìbàdàn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ní Ìjàyè, àlùfáà Adolphus Mann àti àwọn onígbàgbọ́ tirẹ̀ wà lábẹ́ ìdótì. Ìwé Mímọ́ kan náà ni a ń kà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń jà. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́, a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú wọ Ìbàdàn. Samuel jẹ́ ọmọ ọdún 15. Baba rẹ̀ ni ogun Yorùbá kó lọ dé Sàró. Nísinsìnyí, ní Ìbàdàn kan náà tí ó ń gbé, ogun Yorùbá tún ń sọ ọmọ ẹlòmíràn di ẹrú. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí irú ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe orin akọni nìkan.

Ní ọdún 1863, wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti C.M.S. ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ G. F. Bühler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì mìíràn. Ẹ wò ó: àlàáfíà kò tíì sí láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, síbẹ̀ ọmọ tí ó ti Ìbàdàn wá jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta. Èmi tí mo gba ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kọjá mọ ohun tí irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún ènìyàn. Ẹni tí ẹ jọ ń pọnmi, tí ẹ jọ ń jẹun, tí ẹ jọ ń bẹ̀rù ìdánwò, ó ṣòro láti tún máa pè é ní ọ̀tá. Ọdún mẹ́ta ni Johnson lò níbẹ̀, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òpin ọdún 1865.

Ní ọdún 1866, ó padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni a fi í ṣe alábòójútó àwọn ilé-ìwé C.M.S. níbẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1875, a sọ ọ́ di katikíìsì ìjọ Àrẹ̀mọ. Láàárín àkókò yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà. Ní ọdún 1867, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn oyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rúkèrúdò tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Ní ọdún 1869, àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí àìlera. Iṣẹ́ ìjọ bọ́ sí ọwọ́ Daniel Olúbí àti àwọn bí i Johnson tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn ti mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé tàbí oyìnbó, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kúdẹtì àti Àrẹ̀mọ ni kí a ránṣẹ́ pè.

Ní ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni ohun kan ti ń dun Johnson lọ́kàn. Ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìtàn ilẹ̀ tí ó bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ ìtàn náà kò mọ ìwé, ikú sì ń mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ṣe ọmọ ìhà kan ṣoṣo kò ní rí àlàfo yìí. Ẹni tí ó mọ ìwé nìkan kò ní mọ ohun tí ó ń ṣòfò. Ẹni tí ó mọ ìtàn nìkan kò ní mọ bí a ti ń fi í pamọ́. Johnson mọ méjèèjì, nítorí náà ó rí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn àgbà léèrè. David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó sọ ohun tí ojú wọn rí fún un. Lágúnjú, Tímì Ẹdẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí òpìtàn, wà lára wọn. Àwọn arọ́kìn Ọ̀yọ́, tí iṣẹ́ ìdílé wọn ni láti máa ka ìtàn àwọn ọba, wà lára wọn pẹ̀lú. Ohun tí ojú tirẹ̀ náà bá sì rí, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tí ó ń fi ránṣẹ́ sí C.M.S.

Ojú rẹ̀ kò pẹ́ rí púpọ̀. Ní ọdún 1877, Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn, gbé ogun ti àwọn Ẹ̀gbá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn nítorí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ni ó ṣáájú. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n pe àjọṣe wọn. Kírìjì ni a pe ogun náà, nítorí bí ìbọn ńlá ti ń dún. Ọdún 16 ni ó gbà kí gbogbo ìjà àkókò náà tó rọlẹ̀ ní 1893. Kò sí ìdí fún mi láti ṣe àlàyé púpọ̀ fún ọmọ ìlú wa, nítorí kò sí agbo-ilé tí àwọn àgbà rẹ̀ kò sọ ìtàn ogun yìí fún ọmọ wọn.

Ní ọdún 1880 ni a fi Johnson jẹ díákónì. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní pè é, ó sì fi ìwé rán an sí Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá wọn dá sí ìjà náà kí ilẹ̀ Yorùbá má bàa run. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà kò mọ́. Àwọn ìlú tí yóò là kọjá kò fẹ́ràn Ìbàdàn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì bàjẹ́, ẹni tí ó gbé ìwé lọ ni a óò sọ pé ó ta ìlú fún oyìnbó. Johnson lọ, ó sì jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò fẹ́ ná owó tàbí ẹ̀mí sórí ìjà tí ó wà lẹ́yìn odi Èkó, nítorí náà ìwé náà kò tètè so èso. Ogun ń bá a lọ. Látòósà pàápàá kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885.

Ní ọdún 1886 ni Gómìnà Moloney tó gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ gidi. Àwọn méjì ni ó rán, ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì: Charles Phillips, àlùfáà Òndó, sí ìhà Èkìtìparapọ̀, àti Johnson sí Aláàfin àti sí Ìbàdàn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí àwọn ìhà méjèèjì fi gbà láti rán àwọn oníṣẹ́ lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Èkìtìparapọ̀ yóò wà ní òmìnira ara wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdà àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ nínú àwọn ará ibẹ̀ lè kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìhà kejì.

Síbẹ̀, ìwé kì í tú ibùdó ká. Ó ti pẹ́ tí ọmọ ogun ti ń gbé ní Kírìjì tó bẹ́ẹ̀ tí ibùdó ti di ìlú, a ti bí ọmọ síbẹ̀, a ti sin òkú síbẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà, èkejì yóò ta òun lọ́fà lẹ́yìn. Nítorí náà ni a ṣe rán àwọn aṣojú ìjọba, Higgins àti Smith, lọ sí ojú ogun ní oṣù kẹsàn-án, Johnson àti Phillips sì bá wọn lọ. Ní ìṣojú wọn ni àwọn olórí ogun ti fọwọ́ sí àdéhùn, tí a sì dáná sun ibùdó. Johnson kò ru ìbọn, kò sì du oyè ogun. Ohun tí ó ní ni pé ó lè sọ ọ̀rọ̀ Gómìnà ní Yorùbá tí ìjòyè yóò gbọ́ yé, ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ ìjòyè ní Gẹ̀ẹ́sì tí Gómìnà kò ní ṣì gbọ́, láìfi tirẹ̀ kún un. Àwọn ọdún tí a ti ń fojú ọmọ Sàró wò ó ní Ìbàdàn, tí a sì ń fojú ọmọ Ìbàdàn wò ó ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ yìí ni wọ́n lérè.

Lẹ́yìn iṣẹ́ àlàáfíà yìí, Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ṣe àlùfáà títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bí ní Hastings ṣe padà sí ìlú tí baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àlàáfíà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá kiri ní owó tirẹ̀. Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter rin ilẹ̀ Yorùbá já, àwọn ọba sì fọwọ́ sí ìwé tí ó fi wọ́n sábẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nítorí aáwọ̀ lórí agbára ìdájọ́ Aláàfin, Captain Bower yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́. Aláàfin tí ó wà lórí ìtẹ́ ni Adéyẹmí kan náà tí ó kọ̀wé bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1881. Àlùfáà ìlú náà sì ni ẹni tí ó gbé ìwé náà lọ.

Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu lórí ohun tí ó rò ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn rò ó. Ǹjẹ́ ó ṣe àṣìṣe bí? Bí ogun kò bá tán, ta ni ì bá ṣẹ́kù láti sọ ìtàn? Iṣẹ́ tí a rán ni là á jẹ́. Ohun tí ẹni tí a jíṣẹ́ fún bá ṣe lẹ́yìn náà kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ẹni tí ó bá dúró láàárín ìhà méjì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì ni yóò máa nà án, kí ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ Johnson láti ṣe, ó ṣe é. Ní ọdún 1897, ní Ọ̀yọ́, ó parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas. Apá kìn-ín-ní sọ nípa èdè, ilẹ̀, orúkọ, àṣà àti ètò ìlú. Apá kejì sọ nípa àwọn ọba àti ogun, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu arọ́kìn ni ó ti gbọ́ ọ. Ìwé tí a tẹ̀ jáde ju 600 ojú-ìwé lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú ìwé náà rí. Ní ọdún 1899, ó gba ọwọ́ C.M.S. fi í ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, dé ọ̀hún ní ọdún 1900, ó lọ bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn kò rí ìwé náà mọ́, àwọn sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó wo ni a lè fi ra iṣẹ́ ogún ọdún, àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ti wà ní ibojì? Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson kú, ẹni ọdún 54, ìwé rẹ̀ sì ti sọnù.

Obadiah kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ó ṣa àwọn ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ sílẹ̀ jọ, àti àwọn àkọsílẹ̀ tí kò tíì tún ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún gbogbo rẹ̀ kọ ní àárín iṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀. Ó parí, ó sì fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Möwe, mú Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ti òun ti ìtàn Yorùbá inú rẹ̀. Ọdún 1918 ni ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé. Nígbà náà ni bébà tún wọ́n. Obadiah kú ní ọdún 1920, kò fojú rí i. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti parí rẹ̀. Ogun Yorùbá ni ó lé baba wọn dé Sàró. Ogun àwọn oyìnbó gbé ìtàn ogun náà kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ó padà dé ilé.

A kò gbọdọ̀ sọ pé Johnson kò ní àbùkù. Ojú ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ilẹ̀ Yorùbá, ojú ẹni tí ó gbé Ìbàdàn ni ó sì fi wo ogun Kírìjì. Àwọn òpìtàn láti ìhà mìíràn ti ṣe àtúnṣe sí ohun púpọ̀ tí ó sọ nípa ìlú wọn. Ó tún jẹ́ àlùfáà, ó sì fi ojú àlùfáà wo ẹ̀sìn àwọn baba wa. Ẹ̀tọ́ ni kí a sọ èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ dá Johnson lẹ́bi kọ́kọ́ fi ìwé tirẹ̀ hàn wá. Ìlú tí kò bá kọ ìtàn tirẹ̀, ohun tí ìlú mìíràn kọ nípa rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kà.

Ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ mi bọ̀ nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹgbẹ́ wa ti ṣe ohun rere púpọ̀ fún ìlú yìí, mo sì dúpẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ọmọ méjì tí ó mọ ìwé, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà àdúgbò wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, kí ohun tí ó ṣe ìwé Johnson má bàa ṣe tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi fóònù wọn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń sọ. Wọn yóò gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan.

Kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ojú tì wọ́n pé wọ́n jẹ́ ọmọ ìhà méjì. Ẹ sọ ìtàn ọmọ Hastings fún wọn. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà méjì ni ó lè mú àwọn tí ó ṣìnà pàdé ara wọn.

Kí Olódùmarè dá ìlú wa sí, kí ó má jẹ́ kí ìtàn wa sọnù, kí ó sì mú gbogbo ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi padà dé ilé ní ayọ̀. Àmín.